Ẹni Tí A Rán Aṣọ Náà Fún

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ kan gbá a mọ́ àyà, ó sì ń fi ọwọ́ kejì fún etí ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹni ń fún kànrìnkànrìn. Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò mọ ìtìjú. Omi ń kán láti irun rẹ̀ sí ọrùn, láti ọrùn sí àyà, síbẹ̀ kò wọlé. Ilẹ̀ ló ń wò. Àwọn obìnrin ìjọ ti fọ ilẹ̀ náà ní Sátidé, wọ́n ti pa á dán débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí òun máa gbé wọ ilé Ọlọ́run.

Láàárín àwọn akọrin, ọmọbìnrin kan rí i, ó sì gbàgbé ẹsẹ orin tó kàn.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin yìí. Ojútéèpù ni gbogbo ìlú ń pè é. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi orúkọ náà dá a lápàárá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, torí pé bó bá ti wo èèyàn láti òdìkejì títì, ó ti mọ àyà, ó ti mọ ìbàdí, ó ti mọ gígùn apá. Àwọn obìnrin tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà a máa fi báàgì bo ikùn. "Jọ̀ọ́, má wò mí báyẹn o," ni wọ́n á wí, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ránṣọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò sì tíì sí aṣọ kan tó padà wá nítorí pé kò bá ẹni tó ni ín mu.

Ọkùnrin tó ń fi àyè han èèyàn rọra na ìka sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Àlejò náà tẹríba, ó lọ jókòó síbẹ̀, ó sì gbé bàtà rẹ̀ lé itan.

Gbogbo èèyàn ti mọ̀. Ará òdìkejì odò ni.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni odò kún àkúnya, tó gbé ilé àwọn tó wà lódìkejì lọ. Àwọn tó yè sọdá, wọ́n sì ń gbé nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń tọ́jú òwú tẹ́lẹ̀. Ìlú fún wọn ní aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìjọ sì gbàdúrà fún wọn títí ohùn fi há. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn èèyàn náà yá jù. Wọ́n ní ẹni tó bá sá aṣọ sóòrùn kó jókòó tì í. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin wọn rí bí erin, pé ọ̀kan nínú wọn ti fi ìkúùkù wó ògiri rí. Kò sẹ́ni tó rí ògiri náà, ṣùgbọ́n kálukú mọ ẹnìkan tó mọ ẹni tó rí i.

Nígbà tí wọ́n dé orin kẹta, ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn. Ohùn náà jinlẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, bí ìgbà tí ẹni tó rẹ̀ bá dé orí ibùsùn rẹ̀. Baba Béèsì yí ọrùn. Awakọ̀ ojú irin ni baba yìí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Fèrè ọkọ̀ ti jẹ etí rẹ̀, ọjọ́ orí ti jẹ eyín rẹ̀, òun nìkan ló sì kù tó ń kọ béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ akọrin.

"Ta ló ń dún lẹ́yìn yẹn?" Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. "Mo fẹ́ ẹ! Ẹ mú un wá fún mi!"

Bí àlejò náà ṣe di akọrin nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni nídìí iṣẹ́, wọ́n sì ń pè é ní Káfíńtà. Alága Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ná. Olùkọ́ ìṣirò ni Alága yìí, ó mọ́ tónítóní, kóòmù kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà níbi tó bá a lánàá ni. Ó ti ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìyá Ojútéèpù láti ọdún tó kọjá, bọ́tìnì rẹ̀ sì ń já ju bó ṣe yẹ kí bọ́tìnì já lọ.

*

Ìjọ náà fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì gbé aṣọ tuntun àwọn akọrin fún Ojútéèpù rán. Nítorí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó ní òun ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ojú, téèpù lòun máa fi wọn kálukú. Ó wọn èèyàn mọ́kànlélógún, àwàdà ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Nígbà tó kan Káfíńtà, obìnrin kan fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Alága wúkọ́.

"Arábìnrin, ojú yín ti tó fún èyí."

Ojútéèpù wo téèpù, ó wo àwọn tó ń wò ó, ó sì ti téèpù bọ àpò. Ó dúró ní ìṣísẹ̀ méje sí ọkùnrin náà, ó wò ó fìrí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní, "Ó ti tán."

"Ẹ ṣeun," ni Káfíńtà wí. Ó ti gbé apá méjèèjì sókè dè é. Ó rọra sọ wọ́n kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dán aṣọ wò, mọ́kànlélógún bá èèyàn mu rẹ́gí. Káfíńtà wọ tirẹ̀, ó sì sọnù sínú rẹ̀. Ejìká aṣọ náà wà nígúnpá rẹ̀. Apá aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Etí ìsàlẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí aṣọ ìyàwó, nígbà tó sì gbé ẹsẹ̀ kan, aṣọ náà kò tíì mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti kúrò. Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Baba Béèsì, tí kò gbọ́ nǹkan kan, rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó yíjú sí Ojútéèpù, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú:

"Arábìnrin, ẹni tí ẹ rán aṣọ yìí fún ò tíì dé o."

*

Ojútéèpù kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣí ìwé rẹ̀. Àyà: àádọ́ta ínṣì. Òun ló kọ ọ́, ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ!

"Màámi, màlúù ni mo wọn."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Aṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tú u, kó o tún un rán."

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà mọ̀ pé kì í ṣe aṣìṣe ojú. Ojú rẹ̀ kò tíì ṣì rí.

Ó ránṣẹ́ pe Káfíńtà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àjákù aṣọ, òwú pupa kan sì lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ìyá dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbé apá sókè," ni Ojútéèpù wí.

"Ṣé ẹ máa fọwọ́ kàn mí lónìí?"

Ojú tì í. "Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí n má bàa fò sókè."

Ó yí téèpù po àyà rẹ̀. Méjìdínlógójì. Ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn apá, ó tún padà sí ejìká.

"Ejìká òsì yín rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ."

"Òun ló ń gbé pákó láti ọdún mẹ́wàá." Ó wo ejìká náà. "Òun ni mo gbé ìyá mi lé lọ́jọ́ tí omi dé."

"Ṣé wọ́n... "

"A sọdá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lọ. Orí ibùsùn gbígbẹ ni wọ́n kú sí. Mo máa ń dúpẹ́ fún ìyẹn."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá dúró. Ó dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ojútéèpù rántí bàbá tirẹ̀, tó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ife tíì rẹ̀ ṣì gbóná lórí tábìlì. Kò sọ ọ́. Ó fa òwú pupa náà kúrò níwájú orí ọkùnrin náà, ó sì fi í pamọ́ sáàárín ìka rẹ̀ láìmọ ìdí.

Káfíńtà tún wá fún wíwọ̀n lọ́jọ́ kẹta. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó rí i pé tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ń mì, ó mú irinṣẹ́ wá, ó fá a, ó kàn án, tábìlì náà dúró bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ ń wò.

"Aṣọ wo ló ń gba wíwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin?" ni ìyá bi ọmọ rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ bàjẹ́ ni, Màámi."

"Hẹn-ẹn."

Tí ìyá bá jáde lọ ra òwú, wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

"Ojútéèpù, wò mí dáadáa. Kí ni ìbú àyà mi lónìí?"

"Ó ti fi ínṣì kan pọ̀ sí i."

"Ayọ̀ ni."

"Búrẹ́dì ni. Mo rí bó o ṣe jẹ ẹ́ lánàá."

"Búrẹ́dì tí o fún mi kọ́? Ayọ̀ náà nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó mọ̀, ó mú òòlù rẹ̀, ó lu ìṣó kan tó ti wọlé tipẹ́. Ojútéèpù ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá kì í ṣe afọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní kí ọmọkùnrin yẹn má yin Ọlọ́run. Ohùn rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n orin lorin, ilé nilé."

*

Àṣà kan wà nínú ìjọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìjọ gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Pásítọ̀ á pè é síwájú, á béèrè pé, "Ta ni yóò dúró fún un?" Ọmọ ìjọ kan á dìde níbi tó jókòó, yóò sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ẹni tuntun náà fún odidi ọdún kan. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n pè tí kò rí onígbọ̀wọ́.

"Má fòyà," ni Ojútéèpù ti sọ fún un. "Ẹnìkan á dúró." Baba Béèsì ló ní lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Káfíńtà dúró síwájú nínú aṣọ rẹ̀ tó ti wá bá a mu. Pásítọ̀ béèrè. Baba Béèsì ń wo ojú fèrèsé, kò gbọ́. Ojútéèpù wo Baba. Ó wo Alága, Alága ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó fẹ́ dìde. Ó tiẹ̀ di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mú. Ó wá rí ojú ìyá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ojú náà sì wà lára rẹ̀ bí ọwọ́ tó gbé lé èèyàn léjìká. Ó yọ ọwọ́ lára ìjókòó náà, kò sì dìde.

Pásítọ̀ tún béèrè. Ọmọ ọwọ́ kan sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, Pásítọ̀ rọra sọ pé kí wọ́n kọrin, Káfíńtà sì rìn padà sẹ́yìn, ó ń kọrin náà lọ, ohùn rẹ̀ kò mì.

Lẹ́yìn ìsìn ni Baba Béèsì yíjú. "Ṣé wọ́n ti pè é?"

"Wọ́n ti pè é, Baba."

"Ta ló dúró?"

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé orin jọ. Baba yọ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò fi gún mi nígúnpá?"

Ojútéèpù bá Káfíńtà lẹ́nu géètì.

"Mi ò bínú sí ẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ odò ti ń pè mí tipẹ́. Màá bá ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Wọn ò mọ̀ ẹ́ níbẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ nípa mi náà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màá wá jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n dágbére fún Baba."

*

Ọ̀dọ́ méjìlá ni Ojútéèpù ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún. Lọ́sẹ̀ náà, ìtàn ará Samáríà ló kàn. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́: ọkùnrin tí wọ́n lù, àlùfáà tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ọmọ Léfì tó ṣe bẹ́ẹ̀, àti àjèjì tó dúró. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìbéèrè na ọwọ́ sókè. Orúkọ rẹ̀ ro ó gidigidi.

"Àǹtí, ká ní ará òdìkejì odò ló wá gbé e, ṣé ọkùnrin náà á jẹ́ kó fọwọ́ kan òun?"

"Á kọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò!" ni ọmọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ojútéèpù kò rẹ́rìn-ín. Ó pa Bíbélì dé. Nínú báàgì rẹ̀, àkọ́rán aṣọ náà wà, èyí tó tóbi. Kò tíì tú u, aṣọ mìíràn ló rán fún Káfíńtà. Ó fà á yọ.

"Ta ló máa bá mu nínú yín?"

Èyí tó ga jù lọ wọ̀ ọ́, ó rì sínú rẹ̀. Ìkejì bá a wọ̀ ọ́. Ìbéèrè náà ki orí bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, orí mẹ́ta sì yọ lọ́rùn aṣọ kan. Yàrá náà dàrú fún ẹ̀rín.

"Ta lẹ rán an fún, Àǹtí? Gòláyátì?"

"Káfíńtà ni mo rán an fún."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin méjìlá tẹ́ ẹ wà níbí, mo lè pa ojú dé kí n rán aṣọ yín. Ojú ni mo fi ń wọn èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi etí wọn. Ohun tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé, òun ni mo sì gé." Ó jókòó sórí tábìlì. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n béèrè ẹni tó máa dúró fún un. Èmi tí mò ń kọ́ yín, mo jókòó."

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró?" ni Ìbéèrè bi í láti inú aṣọ náà.

Ojútéèpù bá a ká apá aṣọ náà sókè. "Ẹ̀rù ìyá mi bà mí."

Àwọn ọ̀dọ́ náà wo ara wọn. Kálukú wọn ló ní ìyá. Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ àpò lẹ́ẹ̀kan tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Káfíńtà ló kan ilẹ̀kùn wa. Kò sí ohun tó sọnù."

*

Ní Sátidé, Ojútéèpù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyá rẹ̀.

"Màámi, lọ́la màá dúró fún un. Mi ò fẹ́ kó bá yín lójijì."

Ìyá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Òwú náà kọ̀. "Bí mo bá ní kó o má dúró ń kọ́?"

"Màá dúró, Màámi. Màá sì padà wálé wá bẹ̀ yín."

"O fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó yẹ kí n dúró."

Ìyá sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Mo ti sin ọkọ. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí tó bá dákẹ́. Mo fẹ́ kó o fẹ́ ẹni tí wọ́n á máa kí, kì í ṣe ẹni tí wọ́n á máa ṣọ́. Tí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ, wọ́n á máa ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ."

"Ṣé òun lẹ ń bẹ̀rù, Màámi, àbí àwa?"

Ìyá na abẹ́rẹ́ àti òwú sí ọmọ rẹ̀. "Bá mi fi í bọ̀ ọ́. Ojú mi ń ṣòkùnkùn."

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹrù Káfíńtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú àpò kan ṣoṣo. Láti orin àkọ́kọ́ ni Baba Béèsì ti jókòó sétí àga, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí Pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìkéde, Baba fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ó dìde gàù.

"Mo dúró fún un!"

"Baba, ìkéde gbígbá àyíká là ń ṣe."

"Mo gbọ́. Mo dúró!"

"Ẹ jókòó ná, Baba, tó bá yá... "

"Mi ò jókòó mọ́! Bí mo bá jókòó, ẹ máa tún pè é nígbà tí mi ò mọ̀!"

Ẹ̀rín gba ilé náà, nínú ẹ̀rín yẹn sì ni Ojútéèpù bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti dìde.

"Pásítọ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ béèrè," ló wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì jẹ́ kó gbọ̀n. "Mo mọ èsì rẹ̀, mo jókòó. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run àti níwájú rẹ̀. Bí kò bá tíì pẹ́ jù, èmi ni mo máa dúró fún un."

Lọ́wọ́ òsì, àga kan dún. Ìbéèrè dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ àpò. Lẹ́yìn náà, gbogbo àwọn méjìlá. Wọn ò tíì tó ẹni tó lè ṣe onígbọ̀wọ́, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún wọn. Alága dìde tẹ̀ lé wọn. Ó yọ kóòmù, ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó sì tún fi í pamọ́. "Èmi náà," ló wí. "Ó yẹ kí n ti... Èmi náà."

Ìyá Ojútéèpù kúrò ní àyè rẹ̀. Ó rìn, kì í ṣe síwájú, ẹ̀yìn ló gbà, títí ó fi dé ìjókòó tó kẹ́yìn. Káfíńtà dìde fún un. Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí aránṣọ ṣe ń wo èèyàn.

"Ṣé ìwọ lo di ẹrù yìí?"

"Èmi ni, mà."

"O ò mọ ẹrù dì. Gbé e, jẹ́ ká lọ." Ó yíjú sí Pásítọ̀. "Bí ọmọ mi bá dúró fún ẹnìkan, ilé mi ló dúró. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ọkọ̀ ọjọ́ Ajé lọ láìsí Káfíńtà.

*

Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí ó tó gbà pé òun lè béèrè. Kò kọ́kọ́ bi Ojútéèpù, ìyá ló tọ̀ lọ. Ó tún dọ̀bálẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ.

"Mà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdìde. O ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́."

Ó dìde. Ó sọ ọ́. Ìyá fetí sí i délẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì pariwo sí yàrá kejì: "Ìwọ tó ò ń gbọ́rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Màámi!"

"Ó gbà," ni ìyá sọ fún Káfíńtà, bí ẹni pé etí rẹ̀ di.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Baba Béèsì kọrin, Alága ka Bíbélì, ìyá sunkún, ó sì sẹ́ pé òun ò sunkún. Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì wà lókè ilé, Káfíńtà ní òun fẹ́ mú ìyàwó òun lọ kí ẹnìkan tí kò lè rìn wá.

Ojútéèpù kò tíì wọ ilé òwú náà rí. Láti ṣọ́ọ̀bù wọn, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nínú, wọ́n ti fi pákó pín in sí yàrá kéékèèké, aṣọ fífọ̀ wà lórí okùn, ẹnìkan ń ka ìwé fún ọmọ sókè. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń wò ó, ó sì mọ̀ pé òun ni àlejò. Kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí.

Lórí ibùsùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyá àgbà kan jókòó, ẹ̀gbọ́n ìyá Káfíńtà. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, Ojútéèpù sì kúnlẹ̀ kí ọwọ́ náà lè tó o. Ìka gbígbẹ wọ̀nyẹn kọjá níwájú orí rẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní àgbọ̀n. Wọn ò kánjú. Wọ́n ń wò ó.

"Ṣé tiwa ni?" ni ìyá àgbà bi.

"Tiwa ni, Màmá," ni Káfíńtà wí.

"Mo ti mọ̀." Ó di ìka ìyàwó mú. "Ẹ bu omi fún un, kẹ́ ẹ fún un lájókòó. Ó ti rìn jìnnà."

Wọ́n gbé àga wá. Wọ́n gbé omi wá nínú ife ńlá kan. Ojútéèpù jókòó, ó sì mu omi náà tán pátá láìgbé ife sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ sétí rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la rìn."

"Dákẹ́," ló wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní bá wọn jiyàn."